Orúkọ ìyá àgbà àbí orúkọ tó lòde: èwo ni ẹ̀sìn fẹ́?

Ìbéèrè: Àsàláàmù aláékúmù, Àáfà. Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun. Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, àwọn dókítà sì ti sọ fún wa pé obìnrin ni. Ìyá ọkọ mi fẹ́ ká sọ ọmọ náà ní Àfúsátù, orúkọ ìyá tó bí wọn, tó ti di olóògbé. Àáfà, n kò ní í purọ́ fún yín, orúkọ náà kò wù mí. Létí mi, orúkọ àwọn arúgbó ni. Orúkọ tèmi náà jẹ́ ti àtijọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ nílé ìwé débi pé mo fi í pamọ́ títí mo fi jáde. Mo rí Alayna lórí fóònù, wọ́n ní inú Àlùkùránì ló ti wá, ó sì dùn ún pè. Ọkọ mi ní ohun tí mo bá mú ni òun yóò fara mọ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí a kò bá gba orúkọ tí ìyá mú wá? Ṣé ẹ̀sìn wa kórìíra orúkọ tuntun ni?

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàláàmù wa ráhmátúláhì wa bárákátúhù. Arábìnrin mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín, nítorí ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ fi orúkọ yín pamọ́ dùn mí. Màá padà síbẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ kò bá mú orúkọ àtijọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ bá mú tuntun. Nínú Súrà Màríyámà, aáyà keje, Ọlọ́hun fún Zakariyyā ní ìró ìdùnnú pé yóò bí ọmọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Yahyā, Ó sì fi kún un pé Òun kò sọ ẹnikẹ́ni ní orúkọ yẹn rí ṣáájú rẹ̀. Orúkọ tuntun ni, tí ẹnì kankan kò tí ì jẹ́ láyé, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló sì fi sọ ọmọ. Ẹ wá wo Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a. Nígbà tí wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún un, ó jáde sí àwọn Sàábé, ìyẹn àwọn tó bá a gbé, ó ní: "Wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún mi ní òru yìí, mo sì fi orúkọ bàbá mi Ibrāhīm sọ ọ́." Imāmu Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ sínú ìwé, ló gba hádíìsì náà wá. Láti ìgbà wo ni orúkọ Ibrāhīm ti wà láyé! Ọlọ́hun tó fi orúkọ tí a kò gbọ́ rí sọ Yahyā ló rán Ànábì tó fi orúkọ bàbá ńlá sọ ọmọ tirẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ orí orúkọ kọ́ ni ẹ̀sìn ń wò.

Pé orúkọ ń lọ tó sì ń bọ̀ kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní ayé fóònù. Ní Mẹ́kà kí ẹ̀sìn tó dé, Abdul-Uzzā, Abdu Manāf àti Abdu Shams ni àwọn ènìyàn ń sọ ọmọ wọn. Láàárín ìran kan péré, orúkọ tó ń sọ ènìyàn di ẹrú òrìṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́ láàárín àwọn onígbàgbọ́, Abdullāh àti Abdur-Rahmān ló gba ipò wọn. Ẹ má sì rò pé gbogbo ènìyàn ló tètè gbà á. Nínú ìwé hádíìsì Bukhārī, Abdur-Rahmān ọmọ Awf, Sàábé kan, sọ pé òun àti Umayyah ọmọ Khalaf, kèfèrí kan ní Mẹ́kà, jọ kọ ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí òun kọ orúkọ òun, Umayyah ní òun kò mọ ẹni tí ń jẹ́ Ar-Rahmān, kó kọ èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó wá kọ Abdu Amr. Orúkọ tí a ń pè ní orúkọ àgbà lónìí, létí Umayyah, orúkọ àjèjì tí àwọn ọ̀dọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ni.

Lẹ́yìn ìyẹn náà, kálukú ló ní ibi tí ojú rẹ̀ ń wò. A gbà á wá nípa Sàábé méjì pé Talhah máa ń fi orúkọ àwọn Ànábì sọ ọmọ rẹ̀, Zubayr sì yàn láti máa fi orúkọ àwọn tó kú sójú ogun ẹ̀sìn sọ tirẹ̀: Hamzah, Mus‘ab, Ja‘far. Ojúlùmọ̀ ni gbogbo wọn jẹ́ fún un. Ó fẹ́ máa pe àwọn arákùnrin rẹ̀ tó ti lọ nínú ilé ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Àkọsílẹ̀ orúkọ ọmọ tuntun tí ìjọba Amẹ́ríkà ní lọ sẹ́yìn dé ọdún 1880. Láti ọdún yẹn títí di 1946, Mary, ìyẹn Maryam, ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin jù lọ. Ní 1947 ni Linda gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, lónìí Mary kò sí nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ mọ́. Emma ṣe ìkẹta ní 1880, ó rẹ̀yìn gidigidi, nígbà tó sì di 2014 ó tún di ti àkọ́kọ́ títí wọ 2018. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ìyá wa ló máa ń sú wa jù. Tí àwọn tó ń jẹ́ ẹ bá ti lọ, tí etí ọmọdé kò bá gbọ́ ọ mọ́ lára arúgbó kankan, ẹnì kan á mú un jáde, á sì dà bí ẹni pé àná ni wọ́n dá a. Ọmọ tí ẹ ó bí yìí náà, tí Ọlọ́hun bá fún un ní ọgọ́ta ọdún láyé, àwọn ọmọ ìgbà yẹn á máa ní orúkọ àgbà ló ń jẹ́, ì báà jẹ́ Alayna.

Ìtumọ̀ ni ẹ̀sìn ń wò. Ọmọbìnrin Umar, Sàábé Ànábì, kan ń jẹ́ ‘Āsiyah, tó túmọ̀ sí aláìgbọràn, Ànábì sì yí i padà sí Jamīlah. (Kì í ṣe Āsiyah ìyàwó Fir‘awn o, lẹ́tà wọn yàtọ̀, ìtumọ̀ wọn sì yàtọ̀.) Ó yí Barrah, olódodo, padà sí Zaynab, kí ènìyàn má baà máa fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí mímọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tó kan ọ̀rọ̀ yín jù ni ti bàbá àgbà Sa‘īd ọmọ Musayyab. Hazn lorúkọ rẹ̀, ilẹ̀ líle tó rí gbágungbàgun. Ànábì ní kó máa jẹ́ Sahl, ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó rọrùn. Ó fèsì pé òun kò ní í yí orúkọ tí bàbá òun sọ òun padà. Sa‘īd wá sọ pé láti ìgbà yẹn ni líle ìwà kò ti kúrò nínú ìdílé àwọn. Ẹ rí i pé "bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀" kò tó láti di orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò dára mú. "Òun ló lòde" náà kò tó láti mú orúkọ tí kò ní ìtumọ̀.

Èyí ló gbé mi dé Alayna. Òótọ́ ni pé ‘alaynā wà nínú Àlùkùránì, ó sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. "Lórí wa" ló túmọ̀ sí. Kì í ṣe orúkọ, kì í ṣe ìwà, kì í ṣe àdúà. Tí ẹ bá ń pè é, "Lórí wa, máa bọ̀" ni ẹ ń sọ fún ọmọ yín. N kò sọ pé èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn á dàgbà, á kọ́ èdè Lárúbáwá, á sì bi yín léèrè. Pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú Àlùkùránì kò sọ ọ́ di orúkọ ọmọ. Qārūn àti Hāmān, àwọn ẹni ibi, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Àfúsátù. Ṣé ẹ mọ̀ pé Hafsah ni? Ọ̀kan náà ni wọ́n, ahọ́n wa ló yí i. Ọmọ Umar ni Hafsah, ìyàwó Ànábì sì ni. Nígbà tí wọ́n kó Àlùkùránì jọ sínú ìwé ní ìgbà Abū Bakr, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe olórí lẹ́yìn Ànábì, ọwọ́ Abū Bakr ló wà títí tó fi kú, ó bọ́ sọ́wọ́ Umar, lẹ́yìn Umar ó di ti Hafsah. Ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni Uthmān, tó jẹ olórí lẹ́yìn Umar, ránṣẹ́ sí nígbà tó fẹ́ kí wọ́n da Àlùkùránì kọ láti pín kiri ayé, ó sì dá ìwé náà padà fún un nígbà tí wọ́n parí. Ara ohun tí obìnrin yẹn pa mọ́ ni èyí tí à ń kà lónìí. Tó bá jẹ́ pípè rẹ̀ ni kò dùn létí yín, ẹ pè é bí àwọn Lárúbáwá ti ń pè é. Ìyá ọkọ yín yóò dá a mọ̀ pé orúkọ ìyá òun ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kò sì ní í fura.

Ní ti orúkọ tiyín, arábìnrin mi, n kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá dára, ẹ má yí i padà nítorí ẹ̀rín. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Súrà Hujurāt, aáyà 11, pé ká máa pe ara wa ní orúkọ ẹ̀gàn. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ló jẹ̀bi. Mo ti rí ọmọ tó dákẹ́ nígbà tí mo pe orúkọ rẹ̀ níwájú kíláàsì, tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí mo sọ ìtàn ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ fún wọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ ẹ sókè. Ẹ wá ìtàn ẹni tó ni orúkọ yín rí.

Ta ló ni ẹ̀tọ́ ìsọmọlórúkọ? Tí bàbá àti ìyá bá ń jà lé e lórí, bàbá ló ni ín, gẹ́gẹ́ bí Ibnul-Qayyim, onímọ̀ ẹ̀sìn àtijọ́ kan, ti sọ. Ọkọ yín sì ti gbé e lé yín lọ́wọ́. Ìyá ọkọ kò ní ẹ̀tọ́ tó fi lè pàṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n dídára sí òbí tóbi lójú Ọlọ́hun. Ìyá yẹn ń ṣọ̀fọ̀, ó sì fẹ́ máa rí ẹni pè. Tí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ọmọ lè jẹ́ méjì. Ànábì sọ pé òun ní orúkọ márùn-ún, Muhammad, Ahmad, Al-Māhī, Al-Hāshir àti Al-‘Āqib. Ẹ wá orúkọ kejì tí ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tó wù yín látọkànwá, kí ẹ sì fi Hafsah sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ jókòó ti ìyá, ẹ bi wọ́n irú ènìyàn tí ìyá wọn jẹ́, kí ẹ tó pinnu.

Kí Ọlọ́hun sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀, ká gbọ́ ohùn ìyá, ká gbọ́ tọmọ.