Irú káàdì tí o fi ń kọ́ṣẹ́ náà ni kí o fi pa idán

Àbúrò, o béèrè pé ṣé kí o máa fi káàdì onírọ́bà kọ́ idán nítorí pé kì í tètè gbó, kí o wá tọ́jú oníbébà tó rẹwà sílẹ̀ de ọjọ́ tí o bá fẹ́ dúró níwájú èèyàn. O tún ní kí a sọ àwọ̀ tó yẹ kí ẹ̀yìn káàdì náà ní. Jọ̀wọ́, má ṣe é. Mo ti tọ ọ̀nà yẹn, oṣù méjìdínlógún ni mo sì fi kọ́ ohun tí mo padà wá tú ká.

Ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn náà kì í ṣe ọmọdé nídìí idán. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní káàdì ni káàdì ń jẹ́, pé ọwọ́ tó bá mọṣẹ́ kì í bá irinṣẹ́ jà. Mo gbà á gbọ́. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé irú káàdì kan ṣoṣo lòun fúnra rẹ̀ ń lò láti ọdún gbọọrọ, oníbébà sì ni. Títí di òní ni inú irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ń bí mi. Wọ́n á sọ̀rọ̀ tó dùn létí, wọn ò ní jẹ́ kí o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Mo ra páàkì onírọ́bà. Ó ń dán, omi ò lè bà á jẹ́, mo sì fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé káàdì méjì bí ẹni gbé ẹyọ kan, títí tó fi mọ́ mi lọ́wọ́ pátápátá. Nǹkan méjì ni n kò fura sí. Àkọ́kọ́, rọ́bà máa ń ta padà: tí o bá tẹ̀ ẹ́, kíá ló tún nà. Ọwọ́ mi wá kọ́ láti máa fún káàdì pinpin kó má baà fò jáde. Èkejì, páàkì tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rà, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 57. Èyí tí ọ̀pọ̀ onídán ń lò fẹ̀ tó mìlímítà 63 àti ààbọ̀. Gígùn àwọn méjèèjì dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ojú mi kò fi rí ìyàtọ̀ náà. Lórí rúlà, ó kéré. Nínú àtẹ́lẹwọ́, ó pọ̀ gan-an.

Ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi kan ni mo kọ́kọ́ pa idán níwájú àwọn tí n kò mọ̀, a tó ogún nínú yàrá. Mo ṣí páàkì oníbébà tuntun. Ọmọbìnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, mú ẹyọ kan, ó dá a padà. Mo fẹ́ gbé méjì, mẹ́ta ló tẹ̀ lé ọwọ́ mi, nítorí bí bébà ṣe ń di ara mú yàtọ̀ sí ti rọ́bà. Ọmọ náà rí etí wọn. Ó ní, "Ẹ gbé mẹ́ta." Kò pariwo, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo ní kí n fi ẹyọ kan pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ kí n lè tún nǹkan ṣe, igun káàdì náà yọ jáde láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mi. Mo bá fún un mọ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń fún rọ́bà. Bébà kì í ta padà. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀, ó tẹ̀ bí ewé gbígbẹ lórí tábìlì. Ọmọ náà fi ìka kan tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọwọ́, káàdì náà tún dìde. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo yàrá dákẹ́, wọ́n ń wò ó.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló gba ọwọ́ mi kó tó gbàgbé rọ́bà.

Nítorí náà, ra oníbébà, èyí tó fẹ̀, irú kan ṣoṣo, kí o sì rà á tó páàkì mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ni ti idán. Tó bá ti ń gbó, ó di ti ìkọ́ṣẹ́. Káàdì tí wọ́n ń pè ní Bicycle, èyí tó ní áńgẹ́lì lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, ni mo ń lò. Láti 1885 ni orúkọ yẹn ti wà lórí káàdì, ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí i rí, wọn kì í fura sí i. Àwọn káàdì àdàmọ̀dì, bí èyí tó ní ẹ̀yìn níhà méjèèjì, sì wà tí ẹ̀yìn wọn bá a mu. Má tíì ra ìyẹn báyìí o.

Gbé káàdì oníbébà rẹ síbi ìmọ́lẹ̀, kí o dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá rí àwọn kòtò kéékèèké lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú àwọn kòtò yẹn ló ń jẹ́ kí káàdì máa yọ̀ lórí ara wọn. Òógùn àti ìdọ̀tí ló ń dí wọn. Tí wọ́n bá ti dí, káàdì á máa lẹ̀ mọ́ra, o ò ní lè tẹ́ ẹ bí abẹ̀bẹ̀ mọ́. Fọ ọwọ́ kí o sì nù ún gbẹ. Má fi páúdà ọmọ ọwọ́ sí i láéláé, ó máa ń di gúlúgúlú. Tí ojú ọjọ́ bá tutù nini tó ní ọ̀rinrin, dá a padà sínú páálí rẹ̀, kí o fi ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́.

Gbé ẹyọ kan sójú iná pẹ̀lú. Bébà méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní káàdì gidi, nǹkan dúdú sì wà láàárín wọn kí ìmọ́lẹ̀ má lè kọjá. Tí o bá ń rí iná láti òdìkejì, àwọn òǹwòran náà á rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tà á kì í sọ èyí, wọ́n á kàn máa yin àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ti àwọ̀: pupa kan, búlúù kan, nítorí ọ̀pọ̀ idán ló nílò ẹyọ kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ju àwọ̀ lọ ni etí funfun tó yí àwòrán ẹ̀yìn ká. Tí o bá yí ojú káàdì kan sókè sáàárín ìyókù tó dojú délẹ̀, etí funfun ni yóò bò ó nígbà tí páàkì bá yà díẹ̀. Bee, irú káàdì mìíràn, máa ń tẹ àwòrán dé etí pátápátá, káàdì náà dára, ṣùgbọ́n ojú funfun ẹyọ tí o yí padà á hàn kedere. Sì ṣọ́ra fún ẹ̀yìn tí àwòrán rẹ̀ kò dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀.

Ó kù díẹ̀. Nígbà tí o bá ń po ìlàjì méjì kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọnú ara wọn, tí a ń pè ní faro, bí wọn kò bá wọlé, yí páàkì náà dojú sókè kí o tún dán an wò. Bí ẹ̀rọ ṣe gé etí rẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Tí ẹyọ òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá dúró síbi tí wọ́n wà, tí o sì ṣe é láìṣì nígbà mẹ́jọ, káàdì 52 á padà sí bí wọ́n ṣe wà.

Ti rọ́bà tó wà lọ́wọ́ rẹ, fi ta ayò pẹ̀lú àwọn ará ilé, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mú rúlà lálẹ́ òní, wọn ìbú rẹ̀, kí o sì sọ iye tó jẹ́ fún wa.