Mo ti fi Ọlọ́hun búra pé n kò ní sọ: ṣé mo lè tú àṣírí aláìsàn?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaykum, Ààfáà wa. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo wà, iṣẹ́ mi ni láti máa gba àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn ń bá fínra nímọ̀ràn. Ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mò ń tọ́jú sọ fún mi pé ayé ti sú òun, òun sì fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Kó tó là á fún mi, ó ní kí n búra. Mo ní, "Wallahi, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ìyá rẹ̀ wà ní Ilésà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé mo lè sọ? Ṣé ó sì tọ́ kí n fi iná ọ̀run dẹ́rù bà á kó lè jáwọ́?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam wa rahmatullah. Ẹ sọ ọ́, arábìnrin mi, lónìí yìí. Bí ẹ kò bá tíì sọ ọ́, ẹ gbé ìdáhùn mi sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ ṣe é.

Ìbúra yẹn kò dè yín lọ́wọ́. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé ẹni tó bá búra, tó wá rí ohun tó dára ju ohun tó búra lé lọ, kó ṣe èyí tó dára jù, kó sì san ìtánràn ìbúra rẹ̀. Ìtánràn náà wà nínú Súrà Al-Maaida, áyà 89: kí ẹ bọ́ tálákà 10 pẹ̀lú irú oúnjẹ tí ẹ fi ń bọ́ ará ilé yín, tàbí kí ẹ fi aṣọ wọ̀ wọ́n. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a ló ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ 3. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sáré lọ sídìí ààwẹ̀ torí pé owó kì í jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, tálákà ni kí ẹ bọ́. Kò sì di ìgbà tí ẹ bá san án tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Lóòótọ́, àmáánà, ohun tí a fi síni níkàáwọ́ láti pa mọ́, ni àṣírí aláìsàn. Ànábì sọ pé bí ẹnìkan bá bá ọ sọ̀rọ̀, tó sì ń wo ọ̀tún wo òsì, ọ̀rọ̀ náà ti di àmáánà. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ yẹn gan-an, àmáánà Ọlọ́hun ni, òun ló ṣáájú. Òfin iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ gbà pé kí ẹ sọ nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ibi tó gba ọgbọ́n ni ìwọ̀n tí ẹ máa sọ. Àwọn onímímọ̀ ní ohun tí ìnira bá sọ di ẹ̀tọ́, ìwọ̀n ìnira náà ló gbọ́dọ̀ mọ. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún pé ẹ kò lè dá èyí pa mọ́, kí ẹ sì bi í léèrè ta ló fẹ́ kó gbọ́ nínú ẹbí. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ àti dókítà. Ohun tí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ọmọ òun wà nínú ewu, pé kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n sì kó oògùn kòkòrò àti gbogbo ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílé. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá sọ fún yín, bí iye ìdánwò tó fìdí rẹmi tàbí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó já a sílẹ̀, ìyẹn kò kan ìyá rẹ̀. Ẹ má gbé orúkọ rẹ̀ wá sí mọ́ṣáláṣí fún àdúà gbangba. Mo mọ àwa ààfáà, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ifẹ̀ á ti gbọ́. Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 1 lélẹ̀ fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ta ni ẹ̀wọ̀n sì wò sàn rí?

Ní ti iná, rárá o. Òtítọ́ ni pé haraamu ńlá ni pípa ara ẹni, hadiisi ìkìlọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti gbà lọ́kàn pé òun kò wúlò, ẹ̀rù iná lè túbọ̀ jẹ́ kó gbà pé Ọlọ́hun pàápàá ti kọ òun. Àwa Yorùbá náà ti dá kún un: "ikú yá ju ẹ̀sín" la ń kọ́ ọmọ láti kékeré, àfi bí ẹni pé a ò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ẹ wo Màríyámù nínú súrà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, áyà 23. Nínú ìrora ìrọbí ó ní ìbá sàn kí òun ti kú ṣáájú èyí. Ọlọ́hun kò bá a wí. "Má ṣe banújẹ́" ni ohùn tó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà omi tó ń ṣàn, lẹ́yìn náà dàbínù tútù, "jẹ, kí o mu, kí ojú rẹ sì tutù." Ọ̀nà tí ẹ máa gbà bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Áyà tó kọ pípa ara ẹni pàápàá, Súrà An-Nisaa 29, àánú ni Ọlọ́hun fi parí rẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù láti bi í ní tààrà bóyá èrò náà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ìbéèrè kọ́ ló ń fi í síbẹ̀. Bí ó bá le sí i lóru, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ifẹ̀, tàbí ẹ̀ka rẹ̀ ní Wesley Guild bó bá ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ilésà. Ó lè bínú sí yín pé ẹ dalẹ̀ òun. Ẹ fara dà á, kí ẹ sì máa bá ìtọ́jú rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ iwájú, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó síwájú yín, ẹ ti sọ fún un pé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹ máa pa mọ́ àyàfi èyí tó lè gba ẹ̀mí.