Kánún àti omi eérú: ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ìkòkò ewédú?

Ìbéèrè: "Ìyá àgbà wa ní Òkèlélé, n'Ìlọrin, máa ń sọ pé bí kánún bá tán nílé, kí á sẹ eérú, kí á fi omi rẹ̀ se ewédú, pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Tíṣà kẹ́mísírì wa ní sódíọ̀mù ló wà nínú kánún, pòtásíọ̀mù ló wà nínú eérú, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Ìdáhùn: Gba àwọn méjèèjì gbọ́. Iṣẹ́ ni ìyá àgbà ń wò, tíṣà ń wo ohun tó para pọ̀ di nǹkan náà.

Mú iyọ̀ ọbẹ̀ ná. Ẹ́límẹ́ǹtì méjì péré ló wà nínú rẹ̀, sódíọ̀mù àti kilórínì: NaCl. Kánún kò rí bẹ́ẹ̀. Sódíọ̀mù wà lápá kan, àmọ́ ohun tó wà lápá kejì kì í ṣe ẹyọ kan. Kábọ̀nù kan ni pẹ̀lú ọ́síjìn mẹ́ta, wọ́n lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́, gbogbo wọn sì jọ gbé agbára iná −2 bí ẹbí tó jọ jẹ gbèsè kan. Kábónéètì lorúkọ wọn. Da kánún sómi, sódíọ̀mù á bá tirẹ̀ lọ, ẹbí kábónéètì ò ní tú ká. Irú èyí, tó ní ẹ́límẹ́ǹtì mẹ́ta, ni ìwé yín ń pè ní "ternary". Ẹ́límẹ́ǹtì ni kó o kà, má ka átọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ti ń kọsẹ̀. Átọ́ọ̀mù mẹ́fà ló wà nínú kábónéètì sódíọ̀mù inú kánún, Na₂CO₃, ẹ́límẹ́ǹtì mẹ́ta ni.

Kí ló dé tí sódíọ̀mù fi jẹ́ méjì? +1 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé, −2 ni kábónéètì gbé, gbèsè sì gbọ́dọ̀ tán. Pòtásíọ̀mù náà +1 ni, ìdí nìyí tí ti inú eérú fi jẹ́ K₂CO₃. Kálísíọ̀mù +2 ni, ẹyọ kan tó: CaCO₃, ohun tó wà nínú ìkarahun ìgbín. Bí irú ẹbí bẹ́ẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, fi àkámọ́ yí i ká, bíi Ca(NO₃)₂, tí ẹbí mìíràn, náítíréètì (NO₃), ti jẹ́ méjì. Ẹni tó bá gbàgbé àkámọ́, tó kọ CaNO₃₂, ti kó ọ́síjìn méjìlélọ́gbọ̀n wọlé nìyẹn!

Kánún ọjà kò mọ́ tó ti inú ìgò lábù o. Èyí tí wọ́n ń wà lágbègbè adágún Chad, tí Haúsá ń pè ní kanwa, tí àwọn oníṣòwò ti ń kó gba Ìlọrin kọjá láti ìgbà tí kò tíì sí mọ́tò, ní bàíkábónéètì àti omi nínú. Kábónéètì ṣì ni ọ̀gá níbẹ̀.

Kábónéètì yìí náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò. Ó ń já háídírójìn gbà lára omi, omi á wá di álíkálì, ìdàkejì ásíìdì. Fi ìka méjì ra á, á máa yọ̀ bí omi ọṣẹ. Álíkálì yìí ló ń tú ohun tó so ara ewé pọ̀, tí ewédú fi ń tètè rọ̀ tó sì ń fà. Kì í jẹ́ kí àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣá pẹ̀lú, torí ásíìdì ló ń yọ magnéṣíọ̀mù kúrò nínú àwọ̀ náà. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi kánún, fún un sínú omi eérú: méjèèjì á hó ṣùṣù, torí kábónéètì wà nínú méjèèjì. Ìyá àgbà jàre.

Sísẹ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sẹ eérú, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí o bá bu eérú sínú ajẹ̀rẹ̀ tí o sì da omi lé e, K₂CO₃ á yọ́, á sì kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. CaCO₃ tó pọ̀ nínú eérú kì í yọ́ lómi bẹ́ẹ̀, á kù sórí ajẹ̀rẹ̀. Kábónéètì ni àwọn méjèèjì, mẹ́tàlì inú wọn (pòtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù) ló yà wọ́n.

Ibi tí mẹ́tàlì ti ń fi ara hàn jù ni ọṣẹ, ibẹ̀ sì ni tíṣà ti jàre. Ọṣẹ tí wọ́n fi pòtásíọ̀mù sè máa ń rọ̀, ti sódíọ̀mù máa ń le. Omi eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ló ṣe jẹ́ pé wọ́n lè fi ọwọ́ bù ú nínú igbá. (Kánún tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní pótáàṣì yẹn, eérú gan-an ló ni orúkọ náà.)

Kánún kékeré ni kẹ́ ẹ máa fi sí i. Bó bá pọ̀, ewédú á korò, kánún náà á sì ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́ bẹ́ ẹ bá fi sè é. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lo eérú, eérú igi gidi ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ti pákó tí wọ́n kùn lọ́dà tàbí iná tí wọ́n ju ọ̀rá sí.