Ṣé kíkọ́ èdè méjì pọ̀ lè da ọmọ kékeré rú, ìgbà wo ló sì lè lo fóònù?

Rárá, èdè méjì kì í da ọmọ rú, kì í sì í dí i lọ́wọ́ láti tètè sọ̀rọ̀. Bó bá ń da méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, kò léwu. Àgbà tó gbọ́ èdè méjì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá falẹ̀ nínú èdè méjèèjì, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò.

Ní ti fóònù, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó wò ó. Ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Ó dára kí àgbà jókòó tì í, kí wọ́n jọ máa dárúkọ ohun tí wọ́n ń rí.