Ẹ wá ibùsùn fún itọ́ kí ẹ tó gbé pátákó ibùdó ìwádìí eyín kọ́

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì: pé fásitì yín fẹ́ dá ibùdó ìwádìí lórí ẹnu àti eyín sílẹ̀, pé ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ kọ àbá rẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́ Fákọ́tì Eyín ni kó wà tàbí kó dá dúró, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kí Sẹ́néètì tó fọwọ́ sí i. Mo ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì lè sọ kí ara mi má gbọ̀n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á tí mo bá pẹ́ níbẹ̀.

Ti Sẹ́néètì kò le. Ẹ kọ àbá, fákọ́tì á jíròrò lé e lórí, ó di ọ́fíìsì Academic Planning, ó di Sẹ́néètì, ó di Council, ìgbìmọ̀ olùdarí fásitì. Kí ẹ ṣáà máa fẹsẹ̀ ara yín tẹ̀lé fáìlì náà láti tábìlì dé tábìlì. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dígírì sínú àbá àkọ́kọ́ o. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ibùdó náà yóò máa fúnni ní Masters tàbí PhD, NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó fásitì, gbọ́dọ̀ wá wo ohun èlò àti òṣìṣẹ́ yín kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó wá jókòó máa retí àlejò nígbà tó yẹ kí ẹ ti máa ṣiṣẹ́. Ìwádìí nìkan ni kí ẹ kọ.

Kó dá dúró. Díìnì máa ń yí padà, tí tuntun bá sì dé, yàrá yín lè di yàrá ìpàdé rẹ̀. Èkejì ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti dókítà eyín nìkan. Ẹni tó mọ Streptococcus mutans, kòkòrò tó ń jẹ eyín, jù lọ ní fásitì yín lè jẹ́ onímọ̀ kòkòrò tí kò fa eyín ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà dá ibùdó tiwọn sílẹ̀ ní 1948 lórúkọ eyín nìkan, àmọ́ ní 1998 wọ́n fi egungun orí àti ojú kún orúkọ náà, torí iṣẹ́ ti kọjá eyín. Ẹ fún tiyín lórúkọ tó fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iná.

Nígbà tí wọ́n fún wa ní yàrá, ẹnjiníà kan tí ilé-ìwé mú wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé mítà kankan lọ́wọ́, ó ní iná ibẹ̀ dára. Mo ní kí ó wọ̀n ọ́n. Ó ní eyín ni kí n máa wò, kí n fi iná sílẹ̀ fún òun. Inú ń bí mi títí dòní. Fírísà tí a fi ń tọ́jú itọ́ fún ìwádìí, tó ń tutù dé òdo ó dín ọgọ́rin lórí ìwọ̀n Celsius, kì í ṣe fírísà ẹja. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń mú èkejì tutù. Bí iná bá rẹlẹ̀, mọ́tò rẹ̀ á máa fa ju agbára rẹ̀ lọ, á gbóná, á jó. Ó tún máa ń tú ooru sínú yàrá, tí kò bá sí ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀, ara rẹ̀ ló ń fi ooru náà dá lóró. Ẹnjiníà yẹn kò béèrè ọ̀kankan nínú èyí.

Ní 2021 a lọ gba itọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé mẹ́rin. Ọmọ 214. Àárọ̀ kùtù ni, kí wọ́n tó jẹun, kálukú ń da itọ́ sínú ìgò kékeré tí a gbé lé yìnyín. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ itọ́ ṣe rí láàárín wa: ta ni yóò gbà kí àlejò gbé itọ́ ọmọ òun lọ láìmọ ibi tó ń gbé e lọ? Ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Níbo lẹ ń gbé itọ́ ọmọ mi lọ?" Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, mo ṣàlàyé kòkòrò tó ń jẹ eyín fún un, mo ṣàlàyé fírísà, mo sì ṣèlérí pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kàn án àfi ọwọ́ wa. Ó tẹ̀ka síwèé.

Ní 14 February 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Nígbà tí March ń parí lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ náà gùn lé tiwọn. Wọ́n ti géètì. Ọjọ́ Sátidé kan ni ọlọ́dẹ pè mí: "Prof, ẹ̀rọ yín ń ké." Mo sáré dé. Iná ti lọ láti àná, kò sí dísẹ́ẹ̀lì nínú jẹnẹrétọ̀. Mo pe ọ́fíìsì ìṣúná, wọ́n ní dísẹ́ẹ̀lì ibùdó kò sí nínú ìnáwó tí wọ́n fọwọ́ sí. Mo fi owó ara mi ra lítà àádọ́ta. Mo gbé e dé, kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti lọ sí ìlú rẹ̀ nítorí ìyanṣẹ́lódì. Mo pè é, pè é. Lọ́jọ́ Túsìdé, omi ti ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn fírísà. Mo ṣí i. Àwọn ìgò náà ń léfòó, lébẹ́ẹ̀lì wọn ti ń bó. Gbogbo 214.

Mo padà sí abúlé. Ìyá yẹn bi mí pé ṣé ẹnì kan ló jí i gbé ni. Mo ní rárá, iná ni. Ó wò mí títí, ó ní, "Iná?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan nínú àbá yẹn: wáyà tiyín tààrà láti ìdí tiransifọ́má, sólà àti bátìrì tó jẹ́ ti fírísà nìkan, ẹ̀rọ tó ń pe fóònù ènìyàn mẹ́ta tí ooru bá gòkè, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta. Kí ìdajì ohun tí ẹ bá gbà wà ní fírísà ilé ìwòsàn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Kí owó dísẹ́ẹ̀lì ní ìlà tirẹ̀ nínú ìnáwó tí Council máa fọwọ́ sí.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ láti òkèèrè, ẹ gba ìwé tó ní kí ẹ má san owó-orí kọ́sítọ̀ọ̀mù kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra. Ẹni tó bá ní òun mọ ènìyàn ní Apapa, ẹ sá fún un.

Tí òyìnbó kan bá sì ní òun á bá yín wo ohun tí ẹ gbà ní láàbù tòun, ẹ béèrè ìwé MTA, ìyẹn àdéhùn lórí bí wọ́n ṣe máa lo ohun tí ẹ fún wọn. Òfin ìwádìí ìlera ti 2007 béèrè rẹ̀ kí ohun tí a gbà lára ènìyàn tó jáde ní Nàìjíríà. Mo ti rí ẹni tó kó ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ lọ, orúkọ wa kò sì jáde níbi kankan.

Ẹ tún yan ohun tó jẹ́ tiwa. Orin ata wà níbẹ̀: Sofowora àti Isaacs ti tẹ ìwádìí jáde ní 1971 lórí gbòǹgbò rẹ̀ àti àìsàn sickle cell, iṣẹ́ ṣì kù púpọ̀ lórí ohun tó ń ṣe lẹ́nu. Àrùn noma wà, tó ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké tí ebi ń pa. December 2023 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì. Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau wà, tí èròjà fluoride tó pọ̀ jù nínú omi ń sọ eyín di aláwọ̀ búráùn. Ẹ má dá ibùdó sílẹ̀ kí ẹ máa ṣe àdàkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Boston ní Amẹ́ríkà.

Ẹ fi àwòrán yàrá tí wọ́n fẹ́ fún yín ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹ yà á láti ẹnu ọ̀nà, kí n lè rí ibi tí wáyà gbà wọlé.