Ọmọ mi bi mí pé kí là ń ṣe tó fi hàn pé Kristẹni ni wá

Ìbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Manchester ni mò ń gbé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, owó kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 12, bi mí pé, “Mọ́mì, yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí là ń ṣe tó fi hàn pé Kristẹni ni wá?” Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, báwo lẹ ṣe ń fi èyí kọ́ àwọn ọmọ tiyín?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dùn yín. Jákọ́bù ti bi ìjọ ní irú rẹ̀ rí: bí ẹnì kan kò bá láṣọ, tí kò ní oúnjẹ òòjọ́, tí ẹ kàn ní kó máa lọ ní àlàáfíà, kó lọ yó, èrè kí ló wà níbẹ̀? Orí kejì, ẹsẹ 15 àti 16 ni. Ẹ jọ kà á.

Ẹ wá wo ẹni tó sún mọ́ yín. Ní àdúgbò wa ní Peckham, ìyá àgbà òyìnbó kan ń dá gbé. Ọmọbìnrin mi ló máa ń bá a gbé ike ìdọ̀tí jáde lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa ń kó o. Ohun tí mo tẹnu mọ́ fún un ni pé kó kọ́kọ́ kí màmá náà, kó sì dúró gbọ́ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Ẹlòmíì wà tí kò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló gba ọ̀pọ̀ food bank, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fún aláìní lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, sílé nílẹ̀ yìí. Ẹ pè èyí tó wà nítòsí yín, kẹ́ẹ béèrè iye ọdún tí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó gbà á láti wá ṣèrànwọ́, àti ohun tó ti tán nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, torí pasta àti ẹ̀wà inú agolo ni gbogbo wa máa ń sáré gbé. Ọṣẹ ńkọ́? Páàdì ńkọ́?

Ohun tó ká mi lára jù nìyí. Ọmọ yín lè bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ pàdé níbẹ̀, tòun ti ìyá rẹ̀. Ẹ ti bá a sọ ọ́ kẹ́ẹ tó kúrò nílé: kó kí wọn bó ṣe máa ń kí wọn, kó má yọjú wo inú báàgì wọn, kí ọ̀rọ̀ náà má sì dé ilé ìwé láé. Kò sí fọ́tò o. Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe, síbẹ̀ a ń gbé e sórí WhatsApp! Yorùbá wa náà wà lára àwọn tó ń wá gba oúnjẹ, torí físà ẹlòmíì kò jẹ́ kó lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Kò yẹ ká tún dójú tì wọ́n.

Ní ti owó, ẹ rántí Dọ́káàsì, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́ ìyá nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé. Nígbà tó kú ní Jọ́pà, ẹ̀wù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ni àwọn opó ń fi han Pétérù. Bẹ́ẹ bá ń se ìrẹsì, ẹ bu abọ́ kan sí i fún abiyamọ tí kò ní ìyá nítòsí tó máa bá a wẹ ọmọ. Ọmọ yín ni kó gbé e lọ.

Iṣẹ́ yín náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé owó nìkan là ń wá lọ. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ ṣe ń yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru kí ara wọn má bàa dégbò, àti bẹ́ẹ ṣe ń di ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà mú. Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ ti wà nínú ilé yín.