"Die" tí ọmọ mi kọ sí Màmá

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. iPad tí ilé-ìwé fún ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, wọ́n ti tì í pa. WhatsApp ò wọlé, ìyá mi tó fẹ́ máa ti Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ọ ní Yorùbá ò sì rí i bá sọ̀rọ̀. À ń ti Amẹ́ríkà lọ sílé ní Kérésì. Wọ́n ní àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Taki lè bá wa ṣí i. Ṣé kí n gbé e dání? Ìyá Àyọ̀.

Ìyá Àyọ̀, má gbé e lọ o. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ Taki ò mọṣẹ́. Ilé-ìwé ti fi nọ́ńbà iPad yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Apple. Bí wọ́n bá tiẹ̀ nu gbogbo inú ẹ̀ nù, bó bá ti fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ọ̀dọ̀ ilé-ìwé ló máa padà sí. Ra táblẹ́ẹ̀tì àlòkù kan, kí ọmọ máa fi bá Màmá sọ̀rọ̀. A ra tiwa náà. Ó wà nínú àpótí níbì kan.

O lè bẹ ilé-ìwé, àmọ́ má fọkàn sí i. Láti ọdún 2000 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà pé ilé-ìwé tó bá ń gba ẹ̀dínwó íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ dínà àwòrán ìhòòhò. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí ọmọ ń tẹ̀, tó sì ń ta wọ́n lólobó bó bá rí ọ̀rọ̀ ikú, lèmi ń sá fún.

Ọmọ ọdún 8 ni tèmi nígbà yẹn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, wàrà tí Màmá tiwa, ìyá àgbà ẹ̀, ń rà fún un lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ lẹ́tà sí Màmá lórí iPad ilé-ìwé. Kíbọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ kò ní àmì tiwa. Ohun tó kọ nìyí: "Mama, e fi wara die pamo fun mi. Mo fe die si. Die ko to mi."

Ẹ̀rọ rí "die", tó jẹ́ "kú" lédè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́ẹ̀mẹta. Níbo ló ti fẹ́ mọ̀ pé díẹ̀ ni? Kò pẹ́, ọlọ́pàá méjì ń kanlẹ̀kùn. Èyí tó jẹ́ obìnrin lóṣòó síwájú ọmọ tó wà nínú píjáámà, ó rọra ń bi í nípa ikú. Ni ọmọ bá bú sẹ́kún, ó kọjú sí mi: "Mummy, ṣé Mama ti kú ni?"

Mo kọ díẹ̀ sórí ìwé, mo fàmì sí i, mo ṣàlàyé títí. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n lọ.

Nígbà tí mo tilẹ̀kùn tán, mo sọ fọ́mọ pé kò gbọdọ̀ fi nǹkan yẹn kọ Yorùbá mọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìwọ ńkọ́, kí lò bá sọ? Níhìn-ín tí wọ́n ti lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni! Àwọn ará ilé ń sọ pé mi ò kọ́ ọmọ lédè. Mo kọ́ ọ. Ó ti ń kọ lẹ́tà.

Ọmọ ọdún 14 ni báyìí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ̀wé sí Màmá, ọmọ ilé kejì ló ń bá wọn túmọ̀ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n bi mí pé kí ló dé tí ọkọ àwọn ò bèèrè wàrà mọ́. Mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé ló pọ̀.